Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lábẹ́ Ẹkùn Àgbádárìgì, tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹkùn márùn-ún tí a pín ìpínlẹ̀ náà sí. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Ìkòròdú, Ìkejà, Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Ìlú Festac ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí Festac, àwọn àdúgbò tí orúkọ wọn tàn kálẹ̀ níbẹ̀ ni Mazamaza, Mile 2, Kirikiri, Agboju, Alákijà, Satellite Town, Abúlé-Àdó àti Ijẹgun, pẹ̀lú àwọn abúlé apẹja tó wà ní òdìkejì omi, bí Irede, Ibeṣe àti Igbologun.

Púpọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí ní agbègbè yìí lónìí ni a kọ́ nítorí àwọn ẹlòmíràn. Àlejò tí yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni a kọ́ Festac fún. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ń gba ẹlẹ́wọ̀n láti ibi gbogbo. Ọ̀pá epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá ń gbé epo lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin, àwọn gáréèjì Mazamaza sì ń kó èrò lọ sí Onitsha, Aba àti Owerri. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní láti máa bi ara rẹ̀ léèrè ní gbogbo ìgbà pé ta ló ni ilẹ̀ yìí, ta ló sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀, olúkúlùkù wọn ló ní èsì tirẹ̀.

Ilẹ̀ àti omi

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin bá Ìjọba Ìbílẹ̀ Òjó pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, ó bá Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti Àpápá pààlà ní ìlà-oòrùn, ó sì bá Òṣòdì-Ìsọlọ̀ pààlà ní àríwá. Òkun Àtìláńtíìkì ni ààlà rẹ̀ ní gúúsù. Omi tó wọ inú ilẹ̀ láti ìhà Àgbádárìgì gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà èbúté Èkó, ó sì pín agbègbè náà sí méjì tí wọn kò jọ ara wọn rárá.

Ní apá àríwá omi ni ilẹ̀ gbígbẹ wà, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì gbà kọjá, tí ilé sì pọ̀ sí jù lọ. Àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kò ga ju òkun lọ púpọ̀, àbàtà sì wà káàkiri inú rẹ̀. Ibi tí igi ẹ̀gbà àti koríko omi wà nígbà kan rí ni a ti da yanrìn sí láti kọ́ ilé, tí omi òjò kò fi rí ọ̀nà gbà mọ́. Òjò máa ń rọ̀ lọ́nà méjì lọ́dún: ti àkọ́kọ́ a máa pọ̀ jù ní oṣù Òkúdù, ti èkejì a máa dé lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Àwọn odò tí a gbẹ́ láti máa fa omi lọ sínú ọ̀sà ló yẹ kó gba àgbàrá gbogbo èyí. Bí wọ́n bá dí, tàbí tí ẹnìkan bá kọ́lé sí etí wọn, ilé àti òpópónà ni omi ń yà sí.

Ní apá gúúsù omi ni àwọn erékùṣù yanrìn wà, tí òkun ń lù láti ìhà kejì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù ni Snake Island, Erékùṣù Ejò, tí a fún ní orúkọ yìí nítorí bó ṣe gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 14, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ. Ó dojú kọ èbúté Tin Can àti Àpápá. Iléeṣẹ́ Nigerdock, tí ń kan ọkọ̀ ojú omi tó sì ń tún wọn ṣe, wà lórí rẹ̀ láti ọdún 1986. Àwọn abúlé tó wà nítòsí iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní afárá kankan tó so wọ́n mọ́ Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ iléèwé, aláboyún àti oníṣòwò ń wọ̀. Ẹni tó dúró sí etí omi níbẹ̀ ń rí iná èbúté Àpápá ní alẹ́, síbẹ̀ omi ló wà láàárín òun àti ọjà tàbí iléèwòsàn.

Àwọn Àwórì

Àwọn Àwórì, ẹ̀yà kan nínú ìran Yorùbá, ni ọmọ onílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn ni pé Olófin Ògúnfúnmínírè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n sì ń tẹ̀lé e bó ti ń lọ. Wọ́n dé Ìṣẹri, níbi tí wọ́n ti pẹ́ díẹ̀, kí àwọn kan nínú wọn tó tẹ̀ síwájú lọ sí etí ọ̀sà. Níbi tí àwo náà ti rì ni wọ́n ti sọ pé àwo ti rì, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà pé orúkọ Àwórì ti wá. Láti etí odò Ògùn títí dé ẹ̀bá òkun ni àwọn ọmọ wọn tẹ̀dó sí. Amúwo, Ijẹgun àti àwọn abúlé mìíràn tí ìlú ńlá ti gbé mì báyìí wà lára àwọn ibi tí wọ́n dá sílẹ̀. Ọ̀dọ̀fin tó wà nínú orúkọ agbègbè náà jẹ́ oyè àtijọ́ tí a ń jẹ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá.

Iṣẹ́ ẹja pípa, oko ṣíṣe àti òwò lórí omi ni wọ́n ń ṣe. Omi yìí ni ọ̀nà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì àti Pọ́tò-Nófò kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ẹ̀gùn, àti àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n mọ omi í tù bá wọn tẹ̀dó sí àwọn erékùṣù náà.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ni gbogbo ilẹ̀ Àgbádárìgì wà. Èkó tó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè dúró lọ́tọ̀. Nígbà tí a da àwọn méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi olú-ìlú di ilẹ̀ tí ìjọba lè nawọ́ mú. Kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì sì dé.

Festac

Orúkọ Festac wá láti ara àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tí irú rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal ní ọdún 1966. A ti pinnu pé Nàìjíríà ni yóò gba àlejò ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1970. Ogun abẹ́lé kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. A sún un sí 1975, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, a sì tún sún un síwájú. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1977 ni ó tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣèré, akọrin, akọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé ló wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, tí Miriam Makeba, Stevie Wonder àti Gilberto Gil wà lára wọn. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú eyín erin tí a fi ṣe àwòrán Ìyọba Idia ti Benin, èyí tó wà ní ìkáwọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun, wọn kò gbà, ẹ̀dà rẹ̀ ni a lò.

Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Ìgànmú ni ọ̀pọ̀ eré ti wáyé. Ibi tí àwọn àlejò yóò sùn ni ọ̀rọ̀ Amúwo. Ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ gbígbòòrò lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì lọ́wọ́ àwọn ẹbí Àwórì, wọ́n sì kọ́ odindi ìlú sí i, tí ilé inú rẹ̀ lé ní 5,000. Àjọ tí ń rí sí ilé gbígbé fún ìjọba àpapọ̀, tí a mọ̀ sí FHA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ni a fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ní àkókò tí omi ẹ̀rọ, iná òpópónà àti ọ̀nà ọ̀dà kò tíì dé ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, Festac ní gbogbo rẹ̀, ó sì ní ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ tí ń kó omi ìdọ̀tí ilé lọ.

Bí a ṣe to àwọn òpópónà rẹ̀ ṣì ń ya àlejò lẹ́nu. Àfẹ́níù ńláńlá méje ló wà, wọ́n sì ń jẹ́ nọ́ńbà dípò orúkọ ènìyàn. Òpópónà tó bá jáde láti ara àfẹ́níù a máa gbé nọ́ńbà àfẹ́níù náà síwájú tirẹ̀: òpópónà 22 jẹ́ ti àfẹ́níù kejì, òpópónà 41, níbi tí ilé ìjọba ìbílẹ̀ wà, jẹ́ ti àfẹ́níù kẹrin, òpópónà 512 sì jẹ́ ti ìkarùn-ún. Àwọn ojúlé tí kò já síbì kan ni a fi lẹ́tà A, B, C pè. Ẹni tó bá ti mọ àṣírí yìí kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà, ohun tí a kò lè sọ nípa ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, ìjọba ní kí àwọn tó fẹ́ ilé forúkọ sílẹ̀, gègé ni a sì ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò rí gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí owó wọn kò pọ̀ púpọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ àǹfààní náà. Báyìí ni ibi tí a kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe di ilé àwọn ọmọ Yorùbá, Igbo, Edo, Ìjọ́, Urhobo àti Hausa, tí gègé nìkan so wọ́n pọ̀ ní àgbàlá kan. Nígbà tí a gbé olú-ìlú lọ sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 1991, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá a lọ. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ ayálégbé àti olùrà. Lójú fèrèsé ìsàlẹ̀ ni a ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, a mọ ilé kún ilé, ẹrù tí a gbé lé ọ̀pá omi ìdọ̀tí àti ẹ̀rọ omi sì ju agbára wọn lọ.

Níbí ni ìbéèrè àṣẹ ti wọlé. Ilẹ̀ Festac jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, FHA ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí orí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó kò lè kọtí ikún sí òfin ìpínlẹ̀. Àwọn ẹbí onílẹ̀ náà kò sì dákẹ́, nítorí wọ́n gbà pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba wọn ni a lò fún ohun tí a torí rẹ̀ gbà á. Láàárín àwọn mẹ́ta yìí ni ẹni tó ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn Festac ń dúró sí. Ó lè ní ìwé ẹbí, kó má ní ti FHA. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé láti wó o, àìmọye ìgbà ni ẹni tó wà nínú ilé ń sọ pé òun sanwó fún ẹnìkan.

Mazamaza àti Mile 2

Ní Mile 2 ni ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ti pàdé ti Èkó sí Àgbádárìgì. Mazamaza tẹ̀lé e lọ́nà ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn náà ni ẹnu ọ̀nà Festac, Agboju, Alákijà àti Abúlé-Àdó. Lẹ́yìn wọn ni ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí a ń pè ní Trade Fair, tí iléeṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia yàwòrán rẹ̀ tó sì kọ́ ọ. Ọdún 1977 kan náà ni wọ́n ṣí i, owó epo kan náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ẹni tó gbọ́ Hausa mọ̀ pé maza-maza túmọ̀ sí kíákíá. Bóyá kò sí orúkọ tó bá ibẹ̀ mu ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ọkọ̀ ti dá dúró níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lè má gbà. Ní Mazamaza ni àwọn iléeṣẹ́ tó ní bọ́ọ̀sì ńlá ti ṣe gáréèjì wọn, tí wọ́n ń kó èrò lọ sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Láti ìdájí ni ẹrù ti ń gorí ara wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ́, nígbà tí àwọn Igbo tó ń gbé Èkó ń lọ sílé fún Kérésìmesì, iye owó ọkọ̀ a máa fò sókè, èrò a sì máa sùn sí gáréèjì. Ọ̀nà kan náà, bí a bá yíjú sí ìwọ̀-oòrùn, ló lọ sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra. Ẹni tó ń bọ̀ láti Onitsha tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Kútọnu kò lè ṣe kó má gba iwájú Mazamaza kọjá. Ìyẹn ló mú kí ilé ìtura, ilé oúnjẹ, ibi ìfiránṣẹ́ ẹrù àti ṣọ́ọ̀bù ohun èlò mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 ní ìtàn tirẹ̀, ó sì tan mọ́ ìgbà kan náà tí a kọ́ Festac. Ní ọdún 1975, ìjọba ológun ti pàṣẹ fún símẹ́ńtì láti òkè òkun kọjá ohun tí èbúté Àpápá lè gbà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ojú òkun, tí símẹ́ńtì ń bàjẹ́ nínú wọn. Ara ohun tí ìjọba ṣe láti yanjú rẹ̀ ni kíkọ́ èbúté tuntun sí erékùṣù Tin Can, èyí tí a ṣí ní ọdún 1977. Àwọn tírélà tó ń lọ kó ẹrù ní èbúté méjèèjì kò ní ọ̀nà mìíràn tó tó èyí tó gba Mile 2, ó sì di ohun tí wọ́n ń tò sí orí ọ̀nà àti afárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021 ni àjọ èbúté gbé ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, kí ọkọ̀ má baà kúrò ní ibùdókọ̀ rẹ̀ àfi tí ó bá kàn án. Ó dín ìlà náà kù, kò pa á rẹ́.

Ohun tó yí ìrìn-àjò àwọn ará ibẹ̀ padà jù ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2023, láti Marina títí dé Mile 2, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13. Iná mànàmáná ló ń lò. Ẹni tó ń lo wákàtí méjì láti Mile 2 dé Erékùṣù Èkó nínú bọ́ọ̀sì kò lò tó ìdajì wákàtí mọ́. Apá kejì, tí yóò gba iwájú Festac, Alákijà àti Trade Fair lọ sí Òkòkómáìkò, ni wọ́n ń kọ́ lọ.

Epo àti iná

Epo tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun ń sọ̀kalẹ̀ ní Atlas Cove ní ẹnu èbúté Èkó, ó sì ń gba inú ọ̀pá lọ sí Mósímí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kó tó kọjá sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ọ̀pá náà gba àwọn erékùṣù àti ilẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kọjá. Ní Kirikiri àti ní ìhà Satellite Town àti Ijẹgun, àwọn àgbá ńláńlá tí àwọn oníṣòwò ń tọ́jú epo sí wà nítòsí ilé àwọn ènìyàn, ọkọ̀ agbépo sì ń gba òpópónà àdúgbò lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí ọdún 2006, iná sọ ní Ìladò, ní etí òkun, níbi tí àwọn kan ti dá ọ̀pá lu láti bu epo. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná kọjá ohun tí ẹbí lè dá mọ̀, inú kòtò kan náà ni a sin wọ́n sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, ìbúgbàù mìíràn wáyé ní Abúlé-Àdó. Ó wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀, ó sì ba iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan jẹ́ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀gá iléèwé náà, tó jẹ́ obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, kú níbi tó ti ń gbìyànjú láti kó àwọn ọmọ jáde. Iye àwọn tó kú lé ní 20. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè, NNPC, ṣàlàyé pé ọkọ̀ ńlá kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀pá epo. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dá owó ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà sílẹ̀ fún àwọn tó fara gbá a. Ó yẹ kí òǹkàwé má ṣe da Ijẹgun tí a dárúkọ nínú àpilẹ̀kọ yìí pọ̀ mọ́ Ijẹgun ìhà Ìkọ̀tún ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí katapílà kan ti fọ́ ọ̀pá epo ní oṣù Èbìbí ọdún 2008.

Ohun tó so Ìladò àti Abúlé-Àdó pọ̀ ni pé òfin ti pa á láṣẹ pé kí ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ṣófo. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀pá, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé ìkọ́lé, ẹbí ló ń ta ilẹ̀. Kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti ṣọ́ ọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìjọba àti iye ènìyàn

Láti ara Ìjọba Ìbílẹ̀ Òjó, tí òun pàápàá jáde láti ara Àgbádárìgì, ni a ti yọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní ọdún 1996, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ di 774 ní gbogbo Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin ọdún 1999.

Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 318,166 ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní àkókò kan náà, sọ pé wọ́n jẹ́ 524,971. Irú ìyàtọ̀ yìí wà fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà: ìjọba àpapọ̀ ka 9,013,534, Èkó ka 17,552,942. Iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó àpapọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà méjì náà fi di ọ̀rọ̀ ìjà. Èyíkéyìí tí a bá mú, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò fún pọ̀ bí aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ bá níbẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì tirẹ̀. Àbàtà àti omi ló fa ìyàtọ̀ náà.

Ní ọdún 2003, Gómìnà Bọ́lá Tinúbú fi ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè 37 kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó, wọ́n sì di 57. A pín Amúwo-Ọ̀dọ̀fin sí méjì: Amúwo-Ọ̀dọ̀fin fúnra rẹ̀, tí Festac wà nínú rẹ̀, àti Oríadé, tó ní Satellite Town àti Ijẹgun. Èrò ìjọba ni pé kí ìṣàkóso sún mọ́ ará ìlú. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, òfin tí wọ́n ń pè ní Kallikratis, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011, da àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 1,033 pọ̀ di 325. Èkó gba ọ̀nà òdìkejì.

Ìjọba àpapọ̀ kò gbà. Ní ọdún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, Èkó sì pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé àwọn ìjọba tuntun tí Èkó dá sílẹ̀ kò tíì pé títí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọn kò tíì kọ ọ́. Owó tó bá wá láti Abuja ń wá ní orúkọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nìkan, láti ibẹ̀ ni Oríadé ti ń rí ìpín tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin mọ̀, fi kan ẹni tó ń gbé Satellite Town ju bó ti lè rò lọ. Ní ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Agẹmọ ọdún 2025, àwọn ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin yan alága kan, àwọn ará Oríadé sì yan tiwọn.